Ìjàpá Lórí Pápá Eré Ìje

Àwọn tó mọ Ìwó Road ní Ìbàdàn pọ̀ ju àwọn tó mọ Ìwó gan-an lọ. Bí mo bá sọ fún ènìyàn l'Ékòó pé Ìwó ni mo ti wá, ohun tó máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu ni, "Ṣé ní gáréèjì yẹn?" Mo á ní rárá o, Ìwó Olódò Ọbà ni mo wí, ìlú odídẹrẹ́. Ìlú tí a ti ń dáko, tí a ti ń ṣòwò, tí a ti ń ké kéwú ni. A kò mọ̀ wá mọ eré ìje mọ́tò. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn pé n óo dúró nínú ọyẹ́ ní Ìwó, tí n óo máa fi aago ka ìṣẹ́jú àáyá fún mọ́tò tó ń sáré yí táyà ká lórí pápá, mo á ní kí ó lọ lo oògùn ibà.

Mọ́tò ọ̀hún ni kí n kọ́kọ́ sọ fún yín. Volkswagen àtijọ́ ni, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Ìjàpá nítorí bí ẹ̀yìn rẹ̀ ti rí. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó jẹ́ olùkọ́, ló rà á ní 1978. Owó ìjọba ló yá, bí àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe láyé ìgbà náà. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ ìtàn yìí. Ní 1974 ni ìgbìmọ̀ Udoji dámọ̀ràn pé kí wọ́n fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, owó náà sì ti ń wọ àpò àwọn ènìyàn nígbà tó fi di ìbẹ̀rẹ̀ 1975. Oṣù kẹta ọdún 1975 yẹn kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá pọ̀ ní ilé iṣẹ́ Volkswagen lójú ọ̀nà Badagry l'Ékòó, oṣù náà ni Peugeot sì bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní Kàdúná. Bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì àti akọ̀wé ṣe di ẹni tó ń wa mọ́tò tirẹ̀ lọ síbi iṣẹ́.

Ní 2004, ọjọ́ ọlọ́jọ́ dé. Ìjàpá wà nílé lọ́jọ́ náà, nítorí epo kò sí. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi wọ bọ́ọ̀sì akérò lọ sí Ìbàdàn. Bíréèkì bọ́ọ̀sì náà kọ̀ lórí ìdagẹ̀rẹ̀, kò sì wọlé mọ́. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n mi ti ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan Ìjàpá yẹn. Ó wà lẹ́yìn ilé, adìẹ ń yé sábẹ́ rẹ̀, tẹ̀súbáà olóògbé sì ń fì lára dígí iwájú rẹ̀ bó ṣe fi í sílẹ̀.

Ọmọ ọdún méje ni àbíkẹ́yìn wọn nígbà náà. Ó jáde ìwé mẹ́wàá, ó lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì n'Íbàdàn, ó gba fúríìdọ̀ọ̀mù, ó padà wá sílé, ó sì dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ lápá ọ̀nà Òṣogbo. Ojú fóònù ló ti rí eré tí àwọn òyìnbó ń pè ní autocross. Nígbà tó wá sọ fún ìyá rẹ̀ pé Ìjàpá bàbá òun lòun fẹ́ fi ṣe é, ariwo ta nínú ilé.

Ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fóònù. "Ìwọ lo máa ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn, o mọ ọ̀rọ̀ sọ. Wá bá mi sọ fún ọmọ yìí pé bàbá rẹ̀ nìkan ti tó." Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló yóò sá. N kò bá a jiyàn. Mo wọ mọ́tò lọ́jọ́ Sátidé, ó di Ìwó.

Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù, ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó gbé bẹ́ǹṣì fún mi, ó ní, "Bọ̀dá mi, mo mọ ohun tí Màmá rán yín. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí mo ń ṣe hàn yín ná. Bí mo bá parí, kí ẹ wá bá mi wí."

Ohun tó kọ́kọ́ là yé mi ni pé eré yìí kì í ṣe irú èyí tí ọkọ̀ ogún ń forí gbárí. Wọ́n á to àmì sórí ilẹ̀ gbalasa kan, mọ́tò kan ṣoṣo á wọlé, á yí ká gbogbo àmì náà bí wọ́n ti là á sílẹ̀, á sì jáde. Aago ni alátakò rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, orí koríko tàbí ilẹ̀ eléruku ni wọ́n ti ń ṣe é. Ní Amẹ́ríkà, orí ọ̀dà gbalasa tí wọ́n ń páàkì mọ́tò sí ni. Ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ SCCA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1944, ló ń bójú tó èyí tó gbajúmọ̀ jù níbẹ̀. Bí o bá gbá àmì kan ṣubú lọ́dọ̀ tiwọn, ìṣẹ́jú àáyá 2 ni wọ́n máa fi kún àkókò rẹ. Bí o bá fo ọ̀nà kan, wọn kò ní ka eré náà sí i fún ọ. Kọ́nà ibẹ̀ sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí àyè láti sá eré àsápajúdé. Ẹni tó mọ bíréèkì í tẹ̀, tó mọ kọ́nà á yà, ló ń gbégbá orókè.

Mo bi í pé kí ló fa eléyìí. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá sọ fún mi pé àwọn ọ̀rẹ́ òun kan ti máa ń bára wọn sáré lójú títì láàárọ̀ kùtùkùtù, kí àwọn ọlọ́jà tó jáde. Ọ̀kan nínú wọn forí sọ igi, egungun itan rẹ̀ méjèèjì ló dá. "Mo ti bẹ̀ wọ́n títí, Bọ̀dá mi, wọn kò gbọ́. Ẹni tó bá ń fẹ́ eré, bí ẹ bá ní kó má sáré, ó máa lọ sáré níbi tí ẹ kò ti ní rí i. Mo wá ní kí n wá ibi tó ṣeé sá sí fún wọn."

Mo ní, "Ó dáa. Ṣùgbọ́n Ìjàpá kẹ̀? Ìjàpá tí wọ́n bi pé ìgbà wo ni yóò ti àjò dé, tó ní ó di ìgbà tí òun bá tẹ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n má fojú di Ìjàpá. Mo sì padà wádìí ọ̀rọ̀ náà, òótọ́ ló sọ. Eré ìje Safari ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1953 láti fi ṣàjọyọ̀ ìdádé Ọbabìnrin Elizabeth, Volkswagen Ìjàpá ló gbé ipò kìíní níbẹ̀ ní 1954, ní 1957 àti ní 1962. Ẹ má rò pé ọ̀nà tó dán ni o. Ẹrẹ̀ àti eruku ni. Ní 1963, mọ́tò 84 ló gbéra, 7 péré ló parí rẹ̀, Peugeot 404 ló sì ṣíwájú wọn. Ní Mexico, níbi eré ìje inú aṣálẹ̀ ti 1967, mọ́tò kan tí wọ́n kàn gbé ara tuntun lé ẹsẹ̀ àti ẹ́ńjìnnì Ìjàpá ló borí. Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà lẹ́yìn, ó tẹ táyà ẹ̀yìn tó ń yí mọ́tò mọ́lẹ̀ dáadáa, nítorí náà kì í tètè yọ̀ nínú iyanrìn. Afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnnì náà lára, kò ní rédíétọ̀ tí òkúta lè lù fọ́.

Èmi rò pé ẹ́ńjìnnì ni ó máa kọ́kọ́ fi hàn mí. Ṣebí ohun tí gbogbo ọmọkùnrin fi ń yangàn nìyẹn. Kò tilẹ̀ ṣí ẹ̀yìn mọ́tò náà. Ó ní, "Ẹ́ńjìnnì ló kẹ́yìn. Mọ́tò tí kò bá mọ̀ ọ́n dúró, kò gbọdọ̀ sáré." Ó wá dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ mọ́tò, ó ń pè mí kí n wá wò.

Gbogbo ọ̀pá bíréèkì ló ti pààrọ̀. Rọ́bà tó so ọ̀pá náà mọ́ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tuntun ni. Ó ní rọ́bà àtijọ́ máa ń wú nínú, ẹni tó ń wo ìta kò ní mọ̀. Omi bíréèkì, ó da ti inú rẹ̀ nù pátápátá. Omi yìí máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra bó bá ti pẹ́. Bí bíréèkì bá wá gbóná gan-an, omi inú rẹ̀ á hó, á di ooru, ẹsẹ̀ dẹ́rẹ́bà á sì kàn wọlẹ̀ ṣòròṣòrò láìsí ohun tó dá a dúró. Bó ti ń sọ èyí, ohùn rẹ̀ yí padà. Èmi náà mọ ohun tó ń rò. Àwa méjèèjì ń rántí ìdagẹ̀rẹ̀ kan, a kò dárúkọ rẹ̀.

Lẹ́yìn bíréèkì, ó kan táyà. Ó fọwọ́ yí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan kí n gbọ́ bóyá bẹ́ríìnì ń ké. Bóòtù ni wọ́n fi ń de ẹsẹ̀ Ìjàpá, kì í ṣe nọ́ọ̀tì, ó sì ti yọ gbogbo wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan kí ó má bàa jẹ́ pé ẹyín wọn ti jẹ. Nígbà tó ní kí fọkanáísà gbé afẹ́fẹ́ 18 sí iwájú àti 27 sí ẹ̀yìn, ọkùnrin náà pariwo pé, "Ta ní ń fún táyà ní 18?" Ọmọ náà ṣàlàyé fún un pé iwájú Ìjàpá kò wúwo, ẹ̀yìn ni ẹrù wà, bí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti wí nìyẹn. Fọkanáísà mi orí, ó ní ayé ti yí.

Ó ṣí abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn hàn mí. Ibẹ̀ ni bátìrì Ìjàpá ń gbé. Ásíìdì ti jẹ irin ilẹ̀ rẹ̀ títí tí mo fi ń rí iyanrìn nísàlẹ̀. Wẹ́dà ti gbé irin tuntun sí i, wọ́n fi bẹ́líìtì irin de bátìrì, wọ́n sì fi rọ́bà bo orí rẹ̀ méjèèjì. Ó ní bí sípíríǹgì ìjókòó bá kan orí bátìrì, iná lè sọ. Rọ́bà epo tó wà nítòsí ẹ́ńjìnnì náà, tuntun ni, a sì fi kílíìpù dè é. Ó ní Ìjàpá tó jóná láyé yìí, ọ̀pọ̀ wọn, rọ́bà olówó kékeré yẹn ló ṣe é.

Ó kan ààbò ẹni tó máa wà á. Wẹ́dà ti gbé ọ̀pá irin ńlá kan dúró lẹ́yìn ìjókòó dẹ́rẹ́bà, bí férémù ilẹ̀kùn, nítorí bí mọ́tò bá dojú dé, òun ló máa gbé òrùlé ró. Bẹ́líìtì alápá mẹ́ta tí Nils Bohlin ṣe fún Volvo ní 1959 ni àwa yòókù ń lò. Tirẹ̀ gba èjìká méjèèjì kọjá. Akoto wà fún orí. Gbogbo ohun tó lè fò nínú mọ́tò ló ti kó jáde: jáàkì, sípánà, táyà àfikún, kápẹ́ẹ̀tì, títí kan ọṣẹ tí bàbá rẹ̀ fi ń fọ ọwọ́, tó ti gbẹ sínú àpótí iwájú.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ló tó ṣí ẹ́ńjìnnì. Mo rò pé n óo rí ohun ìyanu. 1300 lásán ni, agbára rẹ̀ kò ju ti ogójì ẹṣin àti díẹ̀ lọ. Ó ti pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀, líítà méjì ààbọ̀, ó fọ asẹ́ rẹ̀, ó ṣètò fáàfù, ó yí pọ́lọ́ọ̀gì padà, ó parí. Ohun tó tún fi hàn mí ni sípíríǹgì tó ń dá tọ̀rọ́tù padà. Ó tẹ̀ ẹ́, ó jù ú sílẹ̀, ó ní, "Bí eléyìí bá há, Bọ̀dá mi, gbogbo iṣẹ́ tó kù, asán ni."

Mo bi í bí wọ́n ti ń wà á. Ó ní, "Bí ẹ bá gbé agbada omi rù, tí ẹ ń sáré, tí ẹ wá dúró lójijì, ibo ni omi máa dà sí?" Mo ní iwájú ni. "Bí ẹ bá yà sọ́tùn-ún ńkọ́?" Mo ní òsì. Ó ní mọ́tò náà, agbada omi ni. Ẹni tó bá tẹ bíréèkì tó tún ń yà lẹ́ẹ̀kan náà, ó ti da omi rẹ̀ nù. Àgàgà Ìjàpá àtijọ́, bí o bá fi eré wọ kọ́nà, tí o wá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ̀rọ́tù lójijì, ẹ̀yìn rẹ̀ á gbéra, ẹsẹ̀ á ká wọ abẹ́, á sì fẹ́ dojú dé. Tẹ bíréèkì níbi tí ọ̀nà ti tọ́. Yà. Lẹ́yìn náà ni kí o tó fún un níná. Ó ní òfin náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Níbi tí a ti ń sọ̀rọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi yọ. Ó ti dúró nílé títí, ó rí i pé n kò tètè padà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ń wo mọ́tò ọkọ rẹ̀ tí wọ́n ti fọ eruku ogún ọdún kúrò lára rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ kí i, kò dáhùn.

Ọmọ rẹ̀ kò bá a ṣàròyé. Ó wọ inú àpótí tábìlì rẹ̀, ó mú tẹ̀súbáà bàbá rẹ̀ jáde, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ó ní, "Màmá, ohunkóhun kò gbọdọ̀ máa fì nínú mọ́tò yìí mọ́. Ẹ bá wa tọ́jú eléyìí." Ẹ̀gbọ́n mi gbà á. Ọmọ náà ṣí ilẹ̀kùn, ó ní, "Ẹ jókòó, kí ẹ tẹ bíréèkì wò."

Ẹ̀gbọ́n mi kò mọ mọ́tò í wà. Ó jókòó síbi tí ọkọ rẹ̀ ti ń jókòó, ó fi ẹsẹ̀ kan ọ̀tún. Ọmọ náà ní, "Èyí tó wà láàárín ni, Màmá. Ẹ fi agbára tẹ̀ ẹ́." Ó tẹ̀ ẹ́. Ó le gírígírí. Ó tún un tẹ̀, ó tún un tẹ̀. Ó wá bèèrè, kò wo ẹnikẹ́ni lójú: "Bọ́ọ̀sì tí bàbá rẹ wọ̀ yẹn, ṣé ẹnikẹ́ni tẹ tiẹ̀ wò báyìí láàárọ̀ ọjọ́ náà?"

Kò sẹ́ni tó dáhùn nínú wa.

Nígbà tó jáde, ó gbé òfin mẹ́ta kalẹ̀. Mọ́tò yìí kò gbọdọ̀ sáré lójú títì. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jókòó ti dẹ́rẹ́bà. Ọmọdé kò gbọdọ̀ wà nítòsí pápá. Ọmọ náà ní òun gbà. Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ti parí láìjẹ́ pé mo la ẹnu.

Oṣù kìíní ni wọ́n ṣe eré náà, nígbà tí ilẹ̀ ti gbẹ, lórí ilẹ̀ kan lẹ́yìn ìlú. Wọ́n gba àyè lọ́wọ́ onílẹ̀, wọ́n sì fi tó ọlọ́pàá létí. Okùn ni wọ́n fi ká a, àwọn òǹwòran dúró jìnnà réré. Táyà àlòkù tí wọ́n kùn ní funfun ni wọ́n fi ṣe àmì. Mọ́tò márùn-ún ló wá. Kí èyíkéyìí tó wọ pápá, ọmọ náà àti ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ n'Íbàdàn yẹ̀ ẹ́ wò: bóòtù, bíréèkì, bátìrì, bẹ́líìtì, tọ̀rọ́tù, epo tó ń jò. Wọ́n dá ọ̀kan padà nítorí bíréèkì ẹ̀yìn rẹ̀ kan kò mú. Ẹni tó ni ín bínú, ó búra, ó tiẹ̀ fẹ́ jà. Wọn kò gbà fún un. Ẹni tí itan rẹ̀ ti dá rí ló sọ fún un, lórí ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀, pé kó lọ tún un ṣe.

Èmi ni wọ́n gbé aago lé lọ́wọ́. Ìjàpá sá a lẹ́ẹ̀kìíní ní ìṣẹ́jú àáyá 58, ó gbá táyà kan, ó di 60. Ẹ̀ẹ̀kejì, 57. Ẹ̀ẹ̀kẹta, eruku bò mí lójú, ṣùgbọ́n mo rí i kedere bó ti tẹ bíréèkì lójú ọ̀nà tààrà, tó yà, tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ̀ díẹ̀ tó sì tún padà. 54 ni. Golf kan sá 51, ó gba ipò kìíní. Ìjàpá ṣe ipò kejì nínú mẹ́rin. Àpapọ̀ àkókò tí Ìjàpá lò lórí eré lọ́jọ́ náà kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ méje ni wọ́n fi múra fún un.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ bá mi gbé ìyẹn yẹ̀ wò. Ìjọba kò ṣàì ṣòfin. Ní 1977, nígbà tí Ìwó ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́, Ọ̀yọ́ dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀. Ní 1988 ni ìjọba àpapọ̀ dá FRSC sílẹ̀, Wole Soyinka sì ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n òfin kì í tẹ bíréèkì fúnra rẹ̀. Mọ́tò tó máa gbé ẹnì kan ṣoṣo yí pápá ká fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, àgbà mẹkáníìkì méjì ló yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó gbéra. Bọ́ọ̀sì tó kó ènìyàn 18, ìyá arúgbó, ọmọ ọwọ́, àpò gàárì, tó dorí kọ Lálúpọn lọ sí Ìbàdàn, àdúrà ni wọ́n ń fi rán an lọ. Àdúrà dára o. Àwa ará Ìwó kì í fi ṣeré. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbàdúrà tán náà ṣì lè bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ mọ́tò.

Láti ìgbà náà ni àwọn dẹ́rẹ́bà kan ti ń yà sí ṣọ́ọ̀bù ọmọ náà kí wọ́n tó jáde láàárọ̀. Kì í gbowó fún yíyẹ̀wò, àfi bí ó bá ní ohun tó máa tún ṣe. Wọn kò tíì pọ̀.

Ní ti ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni mo sìn ín dé gáréèjì lóṣù tó kọjá, nígbà tó ń lọ sí Ìbàdàn. Kí ó tó wọ bọ́ọ̀sì, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà, tẹ̀súbáà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, o ti tẹ bíréèkì rẹ wò lónìí?" Dẹ́rẹ́bà àkọ́kọ́ ní kí ìyá wọlé tàbí kí ó kúrò lọ́nà. Èkejì rẹ́rìn-ín, ó yí sípírítì, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta níṣojú rẹ̀, ó tún sọ̀kalẹ̀ lọ wo ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tirẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi wọ̀.